Àtàǹpàkò Bọ́nà

Inú páálí ẹja dídì la ti gé apá rẹ̀,
páálí funfun tó bá yìnyín ti Kútọnu wá,
tí Ìyá Ṣítù ẹlẹ́ja fẹ́ jù sẹ́yìn ọjà.
Títí di òní, bí oòrùn bá mú un pẹ́,
bàálù wa a máa rùn bí ṣáwá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kàn án lórí tábìlì ìjẹun.
Gúlúù gbẹ mọ́ ìka mi, ó gbẹ mọ́ irùngbọ̀n mi.
Ìyàwó mi ní kí n kúkú lẹ ara mi mọ́ àga,
kí òun lè mọ ibi tí òun yóò ti máa rí mi.
Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi ju èso iyeyè lọ;
ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Pàrákú,
ó wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Bọ́nà fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó dá èémí dúró.
Ìrù rẹlẹ̀. Ó sún bátìrì síwájú.
Ìrù tún rẹlẹ̀. Ó tún sún un,
níwọ̀n ìbú èékánná,
títí bàálù fi dọ́gba, tó dúró jẹ́ẹ́
bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ju àsíá fún rélùwéè
ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, kí irin tó dákẹ́.
N kì í gbà pé ọ̀nà ṣófo títí n ó fi rìn ín.
A rin pápá ilé-ìwé já, a lé ewúrẹ́ Baba Wòrú,
a ní kí àwọn ọmọ abọ́ọ̀lù jókòó sẹ́yìn wa
lábẹ́ igi emi. Mo nawọ́ sí wáyà iná,
mo nawọ́ sí títì: "Ibẹ̀ yẹn, èèwọ̀."
"Bí ẹnìkan bá sáré bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"
"Màá yí i."
"Bí kò bá yí ńkọ́?"
"Màá pa ẹ́ńjìnnì, kó fọ́."
"Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"
"Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá."

Rìmóòtù la kọ́kọ́ ń tàn, bàálù tẹ̀ lé e;
bí a bá ń pa á, bàálù ni kó kọ́kọ́ sùn.
Mo di bàálù mú, ó rin ọgọ́ta ìṣísẹ̀ sẹ́yìn,
ó ń ti ọ̀pá, mo ń wo ìrù:
òkè, ilẹ̀, ọ̀tún, òsì.
Mo na àsíá mi àtijọ́ sókè, èyí tó ti pàwọ̀dà.

Ó ju koríko gbígbẹ sókè,
koríko já sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn ò sí.
Mo jù ú.
Ó rì díẹ̀, ọkàn mi bá a rì,
ó wá gbé imú, ó ń kùn bí agbọ́n,
ó kọjú sí àpáta.
Lékeléke méjì yà fún un.

Lílọ kò ṣòro. Bíbọ̀ ni iṣẹ́ wà,
torí bó bá kọjú sí ọ, ọ̀tún rẹ ti di òsì rẹ̀.
Ibẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ kú sí, lórí páànù ṣọ́ọ̀bù télọ̀.
Bọ́nà ní òun ti mọ ọgbọ́n rẹ̀:
apá tó bá ń ṣubú, apá ibẹ̀ ni kí o ti ọ̀pá sí,
bí ẹni fi èjìká gbé arúgbó ró.

Mi ò sọ fún un pé mi ò rí bàálù mọ́.
Ọyẹ́ ti wọ ojú mi láti èṣí, kò lọ.
Àtàǹpàkò rẹ̀ ni mo ń wò.
Wọ́n tẹ̀ sọ́tùn-ún: ó ti yí ẹ̀yìn àpáta po.
Wọ́n dẹ̀. Wọ́n rọra fà sẹ́yìn.
Kíkùn náà dákẹ́, koríko dún fììì,
àwọn ọmọ hó yèè.

"Ó ti bà?" ni mo bi í.
Ó wò mí, ó pẹ́ díẹ̀.
"Ó ti bà, Bàbá. Iwájú yín ni,
ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ẹ rọra,
ẹ má tẹ apá rẹ̀."